Èló lo fẹ́ gbà?

Àbúrò mi obìnrin pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní òun ń kún fọ́ọ̀mù iṣẹ́ akáǹtì kan ní Victoria Island, òun wá dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè salary expectation, ìyẹn iye owó oṣù tóun fẹ́ gbà, òun ò mọ ohun tóun máa kọ. "Bọ̀dá mi, ṣé kí n kàn kọ negotiable síbẹ̀?" Mo ní rárá o, negotiable yẹn, ìyẹn pé ẹ jẹ́ ká jọ dúnàádúrà, ni àwọn agbanisíṣẹ́ fi ń dá ẹni tó máa gba iyekíye mọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n ti mọ iye tí wọ́n fẹ́ san, ó ti wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ fúnra ẹ á pe owó tó kéré sí i ni. Àwọn míì tiẹ̀ á ní kó o mú payslip ibi tó o wà tẹ́lẹ̀ wá, kí ló kàn wọ́n níbẹ̀? Ní New York, láti November 2022 lòfin ti ní kí wọ́n máa kọ iye owó oṣù sínú ìpolówó iṣẹ́. Tiwa ńkọ́? "Attractive remuneration", owó oṣù tó wuni, náà la ṣì ń kà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ mọ iye tó kó o kó tó dá owó lé e. Mo ní kó mú bírò. Ìkòròdú ló ń gbé, ká ní 4,500 náírà ló ń wọkọ̀ lójúmọ́, àlọ àtàbọ̀, ọjọ́ 22 lóṣù, 99,000 ti lọ nìyẹn, kò tíì jẹun ọ̀sán o. Bẹ́ẹ̀ 70,000 ni minimum wage tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní July 2024! Ó ní "háà", ó dákẹ́. Mo tún ní kó rántí owó orí, àti pẹ́ńṣọ̀n tí wọ́n máa yọ 8% fún nínú owó ẹ̀, torí gross, ìyẹn odindi owó kí wọ́n tó yọ nǹkan kan, ni wọ́n máa ń pè létí èèyàn, net, ìyẹn èyí tó kù, ló ń wọ àkáǹtì. Kó má sì kọ ẹgbẹ̀rún 300 sí 400 tí kò bá fẹ́ gba 300, torí 300 yẹn nìkan lojú wọn máa rí.

Màmá ti ń gbọ́ wa látẹ̀yìn, wọ́n ní iṣẹ́ ò sí níta, kó gba ohun tí wọ́n bá fún un. Mi ò lè bá wọn jiyàn púpọ̀, wọn ò kúkú parọ́.

Ó kọ 380 sí 450, net, ó sì fi ránṣẹ́. Màmá ní tí wọn ò bá pè é, èmi ni màá máa bọ́ ọ.