Tábúlẹ́ẹ̀tì Sùn, Bátìrì Rẹ̀ Ò Sùn

Ilé mi ní Àkúrẹ́, lọ́nà Ọ̀dà, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì Android kan ni mo fi ń fi fídíò àti àwòrán hàn wọ́n. Tí a bá parí ní aago méje, mo máa ń pa ojú rẹ̀ dé, mo á gbé e sórí pẹpẹ nínú yàrá, ó di ọ̀la nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án mọ́. Síbẹ̀, tí bátìrì rẹ̀ bá wà ní 84 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí mo fi í sílẹ̀ lálẹ́, 47 ni mo máa ń bá láàárọ̀. Nígbà kan tí a ò ríná fún ọjọ́ méjì, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí a ti ń wo bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àǹtí, ọkàn yẹn ti dáṣẹ́ sílẹ̀." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba. Kò tiẹ̀ tàn án wò. Ó ní, "Mọ́mì, bátìrì yín ti kú. Ẹ mú ₦22,000 wá." Mo ná an títí, kò gbà. Mo ní màá padà wá tí oṣù bá parí. Ẹ má rò pé ọgbọ́n ni mo fi ṣe é o, àìlówó lọ́wọ́ ló gbà mí lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní FUTA ló wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ro ẹjọ́ fún un. Ó bi mí pé, "Àǹtí mi, ṣé ó máa ń já lójijì, kó wà ní 40 kó sì kú lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ ti wú?" Mo ní rárá, díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, bíi kẹ́ẹ̀gì tó ń jò. Ó ní bátìrì tó bá ti gbó kì í sábà ṣe báyẹn. Bátìrì lithium tó wà nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí, tí ẹ bá pa ẹ̀rọ náà pátápátá tí ẹ gbé e sílẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa dín lódindi oṣù kan. Tí 37 bá wá lọ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, nǹkan kan ló ń jẹ ẹ́.

Ohun tó ní kí n ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ mi: ẹ má pa nǹkan mẹ́wàá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dán ohun kan wò lóru kan, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ bá sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ni èmi kọ tèmi sí.

Lóru àkọ́kọ́, mo tẹ Airplane mode, èyí tó ní àwòrán ọkọ̀ òfuurufú, tó máa ń pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì síìmù àti Wi-Fi pọ̀. 83 ni mo fi sùn, 81 ni mo bá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó! Bátìrì tí wọ́n ní ó ti kú rèé. Lóru kejì, mo yọ ọ́ kúrò ní Airplane mode, mo pa Wi-Fi, mo sì fi síìmù sílẹ̀ nínú rẹ̀: 85 di 51. Lóru kẹta, mo yọ síìmù, mo tan Wi-Fi: 84 di 76.

Síìmù! Ẹni tó ta tábúlẹ́ẹ̀tì náà fún mi ló bá mi fi sí i. N kò ra dátà sí i rí, MiFi, ẹ̀rọ kékeré tó ń fúnni ní Wi-Fi, ni mo ń lò nílé, mo tiẹ̀ ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí dátà ò tilẹ̀ sí lórí síìmù, ó ṣì gbọ́dọ̀ máa bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀. Tí òpó bá sún mọ́ ọn, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni yóò fi sọ ọ́. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dára, ńṣe ni yóò máa pariwo bí ẹni tó ń pe èèyàn ní òdìkejì Odò Àlà, ariwo yẹn ló sì ń jẹ bátìrì. Tí kò bá wá rí òpó rárá, á máa wá a kiri. Yàrá mi sì rèé, ibi tí mo ti ní láti jáde sí ẹnu ọ̀nà kí n tó lè gba ìpè. Mo wá rántí pé lọ́jọ́ tí mo gbàgbé rẹ̀ sí pálọ̀, kò dín tó bẹ́ẹ̀. Mo ti rò pé àánú Olúwa ni.

Ó ku 8 yẹn. Mo wọ Settings, mo tẹ Battery, mo wo orúkọ àwọn áàpù tó ń jẹun. Géèmù kan tí n kò mọ̀ rí ló wà lókè. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ló gbé e wọlé. Láti orí Android 6, tó jáde ní 2015, ni ẹ̀rọ tó bá wà lójú kan, tí ojú rẹ̀ kú, tí kò sì sí lórí ṣájà, ti máa ń sùn wọra, tí á sì dá àwọn áàpù dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé géèmù yẹn wọlé ti tẹ Allow nígbà tí géèmù náà ní kí wọ́n má dí òun lọ́wọ́, ni Battery bá kọ Unrestricted (kò sí ìdíwọ́) sí i lára. Mo yọ ọ́ dànù. Mo tún pa Wi-Fi scanning tó wà lábẹ́ Location, torí òun lè máa wá Wi-Fi kiri bí ẹ bá tilẹ̀ ti pa Wi-Fi fúnra rẹ̀.

Ojú ń tì mí láti sọ èyí: áàpù méjì tó ní àwọn ń dáàbò bo bátìrì wà lórí rẹ̀, èmi ni mo sì gbé wọn síbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ńṣe ni wọ́n ń pa àwọn áàpù yòókù, ìyẹn á tún jí, wọ́n á tún pa á, bátìrì ló sì ń sanwó gbogbo rẹ̀. A lé àwọn náà jáde.

Ní báyìí, 78 máa ń di 76 láàárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra okùn ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, ọkùnrin yẹn sì rí mi. "Mọ́mì, bátìrì yẹn ńkọ́?" Mo ní síìmù ni. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ gbé e wá, mo ń tún síìmù náà ṣe."