Òde alẹ́ l'Ékòó, òde alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù

Kò sí ọjọ́ Ẹtì kan tí ẹnìkan nílé kì í béèrè kílọ́ọ̀bù tí mò ń lọ lọ́wọ́ mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìsọlọ̀ ló burú jù nínú wọn. Bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá ti lù, fóònù mi á dún: “Àǹtí mi, ibo lẹ ń lọ lálẹ́ òní? Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ o, kẹ́ ẹ má dá nìkan jẹ̀gbádùn.” Lójú tiẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, gbogbo ìgboro á máa tàn yanran, ìlù á máa dún, èmi náà á sì wà láàárín wọn pẹ̀lú bàtà gogoro. Ó gbà díẹ̀ níbẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń wà ní kílọ́ọ̀bù lóòótọ́. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń wà, bàtà pẹlẹbẹ dúdú ló sì máa ń wà lẹ́sẹ̀ mi. Èmi ni mò ń yẹ báàgì àwọn obìnrin wò kí wọ́n tó wọlé. Owó ilé-ìwé tirẹ̀ gan-an, ibẹ̀ ló ti ń jáde.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn kì í ṣàdédé dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ijó torí pé ó sanra tàbí torí pé ojú ẹ̀ le. Wàá kọ́ iṣẹ́ náà, wàá ṣe ìdánwò, ìjọba á wádìí bóyá o ti rúfin rí, kí SIA, àjọ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ aláàbò, tó fún ẹ ní báàjì. Tí ọdún 3 bá pé, ó tún di dandan kó o gba tuntun. Wọ́n máa ń wá obìnrin lójú méjèèjì fún iṣẹ́ yìí, torí kò bójú mu kí ọkùnrin máa tẹ obìnrin lára wò pé òun ń wá ọ̀bẹ. Bí mo ṣe débẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, tí mo bá sọ pé òde alẹ́ ń kú lọ níbí, kì í ṣe inú ìwé ìròyìn nìkan ni mo ti rí i. Mo rí ìlà tó máa ń yí kọ́nà tẹ́lẹ̀, mo sì rí bó ṣe ń kúrú.

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò wọn ti kà á: kílọ́ọ̀bù 3,144 ló wà ní Bìrìtéènì ní 2005, ó sì ti ku 1,733 nígbà tó fi di 2015. Kòrónà ò tíì dé nígbà yẹn. Nígbà tí òun wá dé, láti oṣù Kẹta 2020 títí di ọjọ́ 19 oṣù Keje 2021 ni ilẹ̀kùn kílọ́ọ̀bù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi wà ní títì, àwọn mìíràn ò sì ṣí mọ́ láé. Ohun tó fà á ò kúkú ṣòro láti rí. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kọkànlá 2005 jẹ́ kí pọ́ọ̀bù lè gba àṣẹ láti ṣí kọjá aago mọ́kànlá alẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé òùngbẹ ọtí ló ń gbé e lọ sí kílọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀ wá rí i pé kò nídìí tóun fi ń sanwó ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù Keje 2007, wọ́n fòfin de sìgá mímu nínú ilé, ni gbogbo amusìgá bá kó síta, ariwo wọn bá ń wọ yàrá aládùúgbò. Àwọn tó ń kọ́lé náà ò dákẹ́: wọ́n á kọ́ fúláàtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jó láti ogún ọdún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé lánàá á sì pe káńsù pé ìlù ò jẹ́ kóun sùn. Ó dà bí ẹni tó lọ kọ́lé sídìí mọ́ṣáláṣí tó wá ní kí wọ́n má pe ìrun mọ́. Ní ti Astoria, ilé orin àti ijó tó wà láàárín ìgboro Lọ́ńdọ̀nù gan-an, ojú irin tuntun ló gba ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tì í ní oṣù Kìíní 2009, wọ́n sì wó o.

Àwa aláwọ̀ dúdú tún rí tiwa lọ́tọ̀. Àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Form 696. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òde á kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn DJ àti olórin rẹ̀ síbẹ̀, á kọ irú orin tí wọ́n máa lù. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ń béèrè irú ẹ̀yà èèyàn tó máa wá. Ẹ̀yin náà ẹ mọ orin ẹni tó máa kọsẹ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Oṣù Kọkànlá 2017 ni wọ́n tó pa á rẹ́.

Èkó wa ńkọ́? Ìgbà Abacha ni ìgbà èwe mi. Kò síná, kò sépo, yunifásítì wà lórí ìyanṣẹ́lódì. Ẹ mọ gbogbo ẹ̀, kò yẹ kí n máa kà á. Síbẹ̀ a máa ń jáde. Màmá mi rò pé ìṣọ́ òru ni mò ń lọ, ìṣọ́ òru náà ni lóòótọ́, Ìkẹjà la ti ń ṣe é. Kílọ́ọ̀bù Niteshift tó wà ní Ọ̀pẹ̀bí, ti àwọn olówó nìyẹn, à ń wo mọ́tò wọn níta ni. Shrine tó wà ní Pepple Street ni agbára wa ká. Bó o bá débẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́, o ti yára jù. Fẹlá kì í yọjú àfi bí òru bá jìn.

TDB, “till day break”, là ń pe irú òde yẹn: bó o bá ti wọlé, ó di pé kí ilẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé agbára ijó ló ń ṣe wá tí a fi ń mọ́jú. Rárá o. Ta ló fẹ́ gba Ìkòròdú Road kọjá ní aago méjì òru? Adigunjalè lè wà níwájú, àwọn agbófinró wà lẹ́yìn, ó sì ṣòro nígbà yẹn láti mọ èyí tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ sá fún. Ibi tí òru bá ti bá ẹ, ibẹ̀ lo máa wà. Láti bí aago mẹ́rin ìdájí, ijó ti tán lẹ́sẹ̀ gbogbo wa. A ti bọ́ bàtà. Ẹnìkan á ti lọ ra súyà lọ́wọ́ mọ́là tó wà níta, a ó tú bébà ẹ̀ sórí tábìlì, ẹni tá ò mọ̀ rí á na ọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó máa wò ó. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu máa ń dùn jù: ẹni tí ọkọ àfẹ́sọ́nà já sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ wá físà, ẹni tí bàbá rẹ̀ ò tíì gbowó oṣù. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, ibẹ̀ la ti pàdé. Tí ilẹ̀ bá mọ́, a ó jọ wọ dánfó àkọ́kọ́, òórùn èéfín àti lọ́fínńdà lára wa, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ á máa wò wá tìkà-tẹ̀gbin.

Àárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà yẹn ni mò ń ṣàárò. Ijó ò jẹ́ nǹkan kan, mo lè jó nínú ilé ìdáná mi.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, bó bá di aago mẹ́ta, a ó tan gbogbo iná. Ẹni tó wà lórí ìjókòó á dìde. Níta, wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri pé kí àwọn èèyàn rọra máa lọ, torí àwọn aládùúgbò. Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi la ó wá dúró lójú títì, tí a ó máa bẹ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n túká, kí wọ́n má pariwo, kí wọ́n má kóra jọ. Kálukú á yọ fóònù, mọ́tò tó pè á dé, òmíràn á wọ bọ́ọ̀sì alẹ́. Láti oṣù Kẹjọ 2016, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ mélòó kan tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ mọ́jú lópin ọ̀sẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn á ti lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á dé ilé láyọ̀. Kò sí ohun tó dáa tó o. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ ayé: wákàtí tí mò ń ṣàárò yẹn gan-an ni wọ́n ń sanwó fún mi láti tú ká.

Kí àwọn ọ̀dọ́ ọ̀hún tó wọlé pàápàá, ẹ̀rọ á ti ka káàdì wọn. Ọ̀rọ̀ oògùn olóró ló mú un le sí i. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ọdún 18 méjì kú, káńsù Islington ní Lọ́ńdọ̀nù gba àṣẹ lọ́wọ́ kílọ́ọ̀bù Fabric ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Nígbà tó fi máa tún ṣí ní oṣù Kìíní 2017, ẹ̀rọ akàwé ìdánimọ̀ ti wọnú àdéhùn. Èmi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ọmọ ọlọ́mọ ni.

Tèmi gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà ló wá pọ̀. Láti kó ọ̀rẹ́ mẹ́rin jọ ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ńlá ni. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọ̀kan ò rẹ́ni bá a wo ọmọ. Ọ̀kan ti kó lọ sí Milton Keynes nítorí owó ilé. Ẹ̀kẹrin ti di àtúnbí, kò bá wa gbọ́ orin ayé mọ́. A ó jà títí lórí WhatsApp ká tó mú ọjọ́ kan, ọjọ́ ọ̀hún á sì jìn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá fi máa dé, ìfẹ́ ọkàn wa á ti rọ. Bó bá wá ku ọ̀la, àtẹ̀jíṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: “Ẹ má bínú, ó rẹ̀ mí.” Ó rẹ gbogbo wa. Ní Èkó, fèrè mọ́tò ló máa ń dún lẹ́nu géètì, wàá sì wọ ẹ̀wù jáde. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá àyè ẹ yọ.

Ẹ ó ní ṣé kò sí ówàḿbẹ̀ níbí ni. Ó wà, ó pọ̀ nínú gbọ̀ngàn lóríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n bí gbọ̀ngàn bá jẹ́ èyí tí kò ní àṣẹ ọtí títà, ìwé gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ káńsù ó kéré tán ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 ṣáájú, ẹ̀dà á dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, gbogbo ẹni tó wà nínú ilé, tòun ti àwọn tó ń gbé oúnjẹ, kò sì gbọdọ̀ ju 499 lọ. Onígbọ̀ngàn wá ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Onílù lè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ki ẹ débi oríkì bàbá rẹ, owó lè wà níwájú orí ẹ, bí àsìkò bá ti tó, á tan iná funfun sí yín lójú. Òde ọ̀sán ló wá gbòde báyìí: ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta, ẹ ó parí ní mẹ́wàá alẹ́. Mo lọ sí ọ̀kan. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí n máa jó nígbà tí oòrùn ń wò mí lójú, mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọ̀rẹ́ mi tí a pàdé nídìí súyà yẹn ti padà sílé. Ó ní Èkó ṣì ń jí. Mo ní Èkó àwọn wo? Fàájì ti sọdá sí Victoria Island àti Lẹ́kí, láti bí ìgbà tí kílọ́ọ̀bù Quilox ti ṣí ní 2013; tábìlì lẹ ń rà, ẹ ó jókòó tì í, iná á máa tàn lórí ìgò, ẹ ó máa ya fọ́tò. Àwọn ilé ijó kéékèèké tó jẹ́ tiwa, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé wọn ró, owó epo tó fò sókè láti oṣù Karùn-ún 2023 ò sì mọ ẹni tó ń ṣe fàájì. Bàbá mi náà máa ń ṣàárò tiẹ̀. Bó bá ti mu díẹ̀, á ní àwa ò mọ ìgbádùn, nítorí a ò bá Kákádù ní Yábà, a ò bá Caban Bamboo ti Bobby Benson, a ò dé Miliki Spot ti Ebenezer Obey. Àwọn wọ̀nyẹn ti kógbá wọlé kí n tó tó ẹni tó ń purọ́ fún ìyá.

Ẹ̀rù ló so wá pọ̀ nígbà yẹn. Ohun tí mo máa ń sọ fún ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, kì í sì í dùn mọ́ ọn. Nítorí ẹ̀rù yẹn gan-an ni mo ṣe kúrò nílé. Ọmọ mi obìnrin wà ní yunifásítì níbí. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sí kílọ́ọ̀bù. Wọ́n á lọ ṣe eré ìdárayá, wọ́n á se oúnjẹ, wọ́n á wo fíìmù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá jáde, aago méjì òru ló lè dé, òun nìkan, nínú bọ́ọ̀sì. Màmá tèmi ò sùn ní gbogbo òru tí mo fi ń ṣe “ìṣọ́ òru”. Èmi ń sùn. Ẹ bá mi fi súyà wọn ìyẹn wò.

Ọ̀rẹ́ mi ní òótọ́ ni, mò ń sùn, ṣé mo ti béèrè ẹni tó ń pè mí bí mo bá jí? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo ní kó má fi tiẹ̀ kó bá mi, pé òun tó wà l'Ékòó, ìgbà mélòó ló jáde lọ́dún tó kọjá láìjẹ́ oṣù Kejìlá? Ó ní kí n wá lo oṣù Kejìlá ọ̀hún pẹ̀lú òun, ká mọ́jú. Mo wo owó ọkọ̀ òfuurufú, mo wo iye tí wọ́n ń pe tábìlì, mo bá forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ alẹ́ ọdún tuntun. Ìlọ́po méjì ni wọ́n ń san lálẹ́ ọjọ́ yẹn níbi tí mo wà, wọ́n sì gbà wá láyè láti ṣí títí di aago mẹ́fà ìdájí. Kó pè mí nígbà náà, bí aago mẹ́rin, ká wá mọ ẹni tó ń sùn nínú àwa méjèèjì.