Bí satnav mi ṣe gbé wa dé ìkómọ ní Fort William

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi bímọ ní Scotland, ni mo bá di dírẹ́bà ìyá àgbà. Ọ̀rẹ́ mi yìí, a jọ jáde sẹ́kọ́ńdìrì l'Ọ́yọ̀ọ́ ni, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé e dé Fort William, ìlú kékeré kan lókè lọ́hùn-ún, lẹ́sẹ̀ òkè Ben Nevis tí kò sí òkè míì tó ga tó o ní gbogbo Britain. Oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni. Màmá ẹ̀ ti wọ bàálù wá láti ilé kí wọ́n lè wá wẹ ọmọ, ọ̀dọ̀ wa ní Thamesmead ní London ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ sí, ìkómọ sì di Sátidé. Ó lé ní 500 máìlì láti ọ̀dọ̀ wa. Obì, orógbó, ataare, oyin, Peckham la ti ra gbogbo ẹ̀ torí a ò mọ ibi tí wọ́n ti máa rí wọn lọ́hùn-ún.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí ni satnav mi, ẹ̀rọ tó máa ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀. Ẹ̀rọ kékeré ni, ojú ẹ̀ ò ju ìnṣì 5 lọ, mo rà á ní kábúùtù, ọjà tí àwọn èèyàn ti ń ta àlòkù látinú búùtù mọ́tò wọn, ní 25 pọ́n-ùn, ọdún kẹfà ẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi, mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kéà máa ń sọ fún mi pé "Bọ̀dá, ẹ ju nǹkan yìí nù jàre, fóònù yín ń ṣe gbogbo ẹ̀." Òótọ́ ni, fóònù ń ṣe é. Àmọ́ ilé arúgbó bíi mẹ́wàá ni mò ń yà lójúmọ́, tí mo bá sì fi fóònù sójú gíláàsì, ìgbà tí mo bá dé ráńdábáòtù olójú márùn-ún gan-an ni ẹnì kan máa pè mí láti ilé lórí WhatsApp, orúkọ ẹ̀ á bo máàpù mọ́lẹ̀. Òfin ibí ò sì gba gbẹ̀rẹ́, tí ọlọ́pàá bá rí fóònù lọ́wọ́ ẹ níbi tó o ti ń wakọ̀, 200 pọ́n-ùn àti póìntì ìjìyà 6 lórí láísẹ́ǹsì ni, ẹni tó ń fi mọ́tò jẹun mọ ohun tí póìntì 6 máa sọ owó ìnṣọ́ránsì dà. Satnav ò ní mọ̀lẹ́bí tó ń pè é.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí Fúráídè la gbéra, ká lè gba abẹ́ odò Thames kọjá kí aago mẹ́fà tí wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó tó lù. Wọ́n ti tọ́nẹ́ẹ̀lì Blackwall pa fún iṣẹ́ lóru yẹn, wọ́n ní ká gba Silvertown tó wà nítòsí ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe mi. Oṣù kẹrin ọdún yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí Silvertown, máàpù inú ẹ̀rọ mi sì ti ju ọdún méjì lọ, mi ò sọ ọ́ dọ̀tun kí n tó jáde nílé. Kò sí satnav tó ń ríran dáadáa lábẹ́ ilẹ̀ ṣá, ohun tó ń gbọ́ láti òkè ò lè gba inú ilẹ̀ àti omi kọjá, ó kàn ń fojú dá a ni. Ṣùgbọ́n nígbà tá a jáde ní òdìkejì, ó ṣì rò pé Blackwall la gbà, ó ní ká yí padà, ó tún ní ká yí padà, ọfà tó dúró fún mọ́tò wa wà lórí ibi tí kò sí títì kankan lójú ẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí orí ẹ̀ tó wálẹ̀, ló bá kó wa sí títì A13, ó di North Circular, ó di M1.

Mọ́tòwéè ò ní ìtàn. Kìkì pé nígbà tá a fẹ́ẹ́ dé Birmingham, Bùnmi ìyàwó mi wo fóònù ẹ̀, ó ní iwájú ti pupa fòò, gosiló gidi, ká yáa sanwó ká gba M6 Toll. Satnav ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, tèmi yìí ò ní ohun tó fi ń gbọ́ ìròyìn títì, èmi fúnra mi ló sì ti sọ fún un látìgbà tí mo ti rà á pé kó má gbé mi gba ibi tí wọ́n ti ń gbowó. Fóònù ló gbà wá níbẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀yìn Glasgow ni ọ̀rọ̀ ti wá yí padà. A82 ni, ó gba ẹ̀gbẹ́ adágún odò Loch Lomond lọ, ọ̀nà náà á fún débi pé tí bọ́ọ̀sì bá ń bọ̀ lókè ẹ máa fẹ́ fà sẹ́yìn, àpáta lọ́wọ́ kan, omi lọ́wọ́ kejì. A kọjá Tyndrum, a bọ́ sórí Rannoch Moor, pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí kò sí ilé, kò sí igi, àfi koríko àti omi dúdú dúdú, òjò ń ṣẹ́ winniwinni. Bùnmi ní fóònù òun ò ní nẹ́tíwọ̀kì mọ́. Tèmi náà ò ní. Máàpù orí fóònù di eérú, àmì bulu kan ṣoṣo ló dá dúró láàárín ẹ̀, a ò dáwúńlóòdù ẹ̀ sílẹ̀ kó tó di pé a jáde. Satnav ń lọ ní tiẹ̀. Gbogbo kọ́nà tó ń bọ̀ ló ń yọ lójú ẹ̀ kí n tó rí i nínú òjò, tí ìlà yẹn bá ti ká bí ìwọ̀ ni mo ti máa ń tẹ bíréèkì.

Màmá tẹ̀ síwájú láti ẹ̀yìn. "Wálé, ta ló ń sọ ọ̀nà fún un nígbà tí fóònù ò lọ?"

Mo ní Màmá, òkè ló ti ń gbọ́ ọ. Mo ṣàlàyé pé àwọn sátẹ́láìtì kan wà tí Amẹ́ríkà gbé sójú ọ̀run, bíi ọgbọ̀n, nǹkan bí 20,000 kìlómítà sókè, kálukú wọn ń ké aago tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ṣáá tọ̀sán tòru, tí ẹ̀rọ yìí bá ti gbọ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, á fi bí aago kálukú ṣe pẹ́ tó kó tó dé etí ẹ̀ ṣírò ibi tó wà. Etí nìkan ló ní, kì í fèsì, ìyẹn ló fà á tí kò fi nílò nẹ́tíwọ̀kì tàbí dátà. Àwọn títì àti ilé sì ti wà nínú ikùn ẹ̀.

Wọ́n ní, "Àwọn tó gbé e sókè yẹn, èló ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín?"

Mo ní wọn ò gba kọ́bọ̀. Àwọn sójà wọn ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n kàn jẹ́ kí gbogbo ayé máa lò ó ni, títí di oṣù karùn-ún ọdún 2000 gan-an wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń da tiwa rú díẹ̀, ó lè fi nǹkan bí 100 mítà ṣìnà, kí Ààrẹ Clinton tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Màmá ní Ọlọ́run á bù kún wọn. Mo ṣe àmín tọkàntọkàn.

Ní Glencoe ni ẹ̀rọ já bọ́ láti ara gíláàsì, ó bọ́ sí ẹsẹ̀ Bùnmi. Rọ́bà ìdí ẹ̀ kì í fẹ́ òtútù. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu rọ́bà yẹn, ẹ nu gíláàsì náà, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn títí ẹ̀ẹ́ fi ka ogún. Tẹ́ ẹ bá sì páàkì ní ìlú ńlá, ẹ nu àmì róbótó tó máa ń fi sílẹ̀ lára gíláàsì kúrò, olè tó bá rí i máa mọ̀ pé nǹkan wà nínú mọ́tò.

A kọjá Fort William ní bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, torí abúlé kan lápá Spean Bridge lọ́hùn-ún ni ilé wọn wà. Póósìkóòdù, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àdúgbò mọ̀ níbí, ni mo tẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ó gbé wa gba ọ̀nà kan tí mọ́tò méjì ò lè pàdé lórí ẹ̀, ó wá ní a ti dé. A ti dé ibo? Géètì irin kan, àgùntàn bíi mẹ́fà tó ń wò wá, òkè, ìkùukùu. Kò sí ilé. Ní London, póósìkóòdù kan kì í ju ilé díẹ̀ lọ lójú títì kan, àmọ́ lókè yìí ẹyọ kan lè gbòòrò tó máìlì mélòó kan, àárín ẹ̀ ni ẹ̀rọ gbé wa lọ. Nẹ́tíwọ̀kì ò sí láti fi pe bàbá ọmọ. Màmá ti dákẹ́, mo sì mọ̀ pé àdúrà ni wọ́n ń gbà sínú.

Bùnmi ló ṣí báàgì. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí ọ̀rẹ́ mi fi lokéṣọ̀n ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ti da àwọn nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ojú ibẹ̀ lórí máàpù kọ sẹ́yìn ìwé rìsíìtì oúnjẹ, méjèèjì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 56 àtèyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4. Satnav máa ń gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ẹ wá a níbi tí wọ́n kọ coordinates sí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ gbé wa sáàárín òkun, láàárín Scotland àti Denmark! Àyà mi já. Bùnmi tún gbé rìsíìtì yẹn súnmọ́ iná, ó ní, "Dádì Tóbi, ìlà kékeré kan wà níwájú 4 yìí o." Àmì ìyọkúrò ni. Ìwọ̀-oòrùn ni ìlà yẹn ń sọ, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ìlà-oòrùn lẹ bọ́ sí yẹn. Mo fi í sí i. Ẹ̀rọ ronú díẹ̀, ó ní máìlì méjì, níwájú.

Géètì kejì, afárá kékeré, ilé funfun kan, ọ̀rẹ́ mi ló dúró síwájú ẹ̀ nínú òjò láìde fìlà. Màmá ò dúró kí n páàkì tán. A ń gbọ́ igbe ọmọ láti inú ilé, wọn ò sì tíì dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń kì í, "Àbẹ̀kẹ́ ooo, Àbẹ̀kẹ́ mi, ìyá ẹ dé!"

Lálẹ́ Sátidé, lẹ́yìn tá a ti sọmọ lórúkọ tán táwọn àlejò ti lọ, mo fi wáyà so satnav mọ́ láàpútọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ mi kó máa fa máàpù tuntun. Íntánẹ́ẹ̀tì wọn ń wọ́ nílẹ̀. Ilẹ̀ ti fẹ́ẹ́ mọ́ kó tó parí, mo sì fìka fa máàpù náà wálẹ̀ títí dé London, mo rí Silvertown lórí ẹ̀.