Ẹyẹ Kékeré Tí Mo Rí Lọ́nà Agboyi

Torí ẹyẹ ni mo ṣe wọkọ̀ ojú omi ní Sátidé tó kọjá. Mo wọ dáńfó láti Yábàá dé Kétu, mo fẹsẹ̀ rìn dé etí omi táwọn ọlọ́kọ̀ ti ń pe èrò Agboyi. Mi ò bá wọn wọ onẹ́ńjìnnì. Bàbá kan tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ ni mo bá dúnàá dúrà.

A ò tíì jìnnà tí mo fi rí nǹkan róbótó kan láàárín òṣíbàtà.

"Bàbá, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ta ló sọnù síbẹ̀ yẹn?"

Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti mòòkùn. Omi ò tilẹ̀ ta. Mo kà dé ẹẹ́rìndínlógún kó tó yọrí, níbi tí mi ò fojú sí rárá.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ o, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó ni ín. Orí omi ni wọ́n ti ń bí i."

Little grebe ni ìwé ń pè é. Kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 lọ, ọrùn ẹ̀ pọ́n bí osùn, àmì yẹ́lò kékeré kan sì wà níbi tí ẹnu ẹ̀ ti pàdé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìdí pátápátá lẹsẹ̀ ẹ̀ wà. Àwọn ìka ẹ̀ ò lẹ̀ mọ́ra bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ńṣe lọ́kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ bí ewé. Lábẹ́ omi, àjẹ̀ gidi ni. Tó bá dórí ilẹ̀, agbára káká ló fi ń rìn.

Bàbá dá àjẹ̀ dúró, ó nàka sí òkìtì ewé jíjẹrà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ eèsún. Mo rò pé pàǹtírí ni. Ìtẹ́ ni! Ìyá wà lórí ẹ̀ (ó sì lè jẹ́ bàbá, torí àwọn méjèèjì ló ń sàba). Nígbà tó rí wa, kò fò. Ó fẹnu fa ewé kan bo ẹyin, ó tún fa òmíràn, wéré wéré, bí abiyamọ tó ń fi ìró ṣíji bo ọmọ lójú oòrùn, ó bá yọ́ wọmi. Ká ní mi ò rí i nígbà tó ń bò ó ni, ǹ bá búra pé kò sí ẹyin níbẹ̀.

Ara eèsún ni wọ́n so ìtẹ́ yẹn mọ́, bí omi bá ń gòkè, òun náà á máa gòkè. Bàbá ní lọ́dún tí Odò Ògùn kún wọ yàrá òun, tí ẹní òun ń léfòó, ìtẹ́ wọn ò rì. Ìgbì ọkọ̀ onẹ́ńjìnnì ló máa ń dà wọ́n nù.

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ la gbọ́ ẹ́ńjìnnì kan tó ń bọ̀. Bàbá ò wí nǹkan kan. Ó yí ọkọ̀ wa dábùú síwájú ìtẹ́ náà, ó ní kí n di etí ọkọ̀ mú. Ìgbì náà gbé wa sókè, ó rẹ aṣọ mi dé orúnkún.

Nígbà tí omi rọlẹ̀, ẹyẹ náà yọrí. Ó gun ìtẹ́, ó ń ṣí ewé kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyin mẹ́rin. Ewé jíjẹrà ti pa wọ́n láró di àwọ̀ ilẹ̀.