Gúlù tó gan mọ́ èèkù ọ̀bẹ Màmá: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀kún o, bí a ṣe ń kíni ní Kàbà. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo fi ń tẹ èyí. Òsì wà nínú báńdéèjì, ojú mẹ́rin ni wọ́n rán an, láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e. Gúlù ló fà á.

Ẹ mọ irú ọ̀bẹ tí mò ń wí: èyí tó ti wà nílé kí wọ́n tó bí wa, èèkù igi, irin tí pípọ́n ti jẹ kù pẹ́lẹ́ńgẹ́. Òun ni Màmá fi ń bẹ iṣu iyán tí wọ́n ń tà ní Kàbà níbí. Nígbà tí èèkù rẹ̀ sán, mo ta súpà gúlù sí i, mo fi sẹ́lótéèpù wé e, mo ń yan kiri bíi káfíńtà. Ọyẹ́ dé, téèpù ṣí, gọ́ọ̀mù dúdú rẹ̀ kù síbẹ̀. Gúlù ti gan bíi dígí, ó ṣe kókó-kókó, ó ń họ wọ́n látẹ́lẹwọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ lo fi síbẹ̀, ìwọ ni wàá yọ ọ́."

Mo kọ́kọ́ rì í sínú omi gbígbóná mọ́jú. Igi wú, ojú ibi tó sán tún là sí i. Gúlù ò mira.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, mo jókòó sórí àpótí níta. Mo fi aṣọ ìnuwọ́ kan ṣoṣo di irin mú lósì, mo ń fi ọ̀bẹ kékeré ha gúlù. Kókó kan kọ̀, mo fagbára tì í. Ó ṣí lójijì. N ò tiẹ̀ mọ ìrora. Ohun tí mo rí ni pé aṣọ funfun yẹn ń pọ́n láti inú wá. Ọ̀bẹ kékeré kọ́ o! Ọ̀bẹ Màmá ló yí lọ́wọ́ mi tó la aṣọ kọjá. Ọ̀bẹ tí wọ́n ní kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ó rí ọwọ́ mi gbẹ́. Mo ní kí n la ọwọ́ wò, ọwọ́ ò là. Màmá jáde pẹ̀lú ọmọ odó, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wo ọ̀bẹ nílẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́ yẹn dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sẹ́yìn ọlọ́kadà tó gbé wa, òun náà ń wí pé "ọ̀kún, ọ̀kún" títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ di ojú ọ̀bẹ. Páálí tó le ni kí ẹ ká mọ́ irin, kí ẹ fi téèpù wé e, kì í ṣe aṣọ. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ má gbé e lọ́wọ́.

Ohun tó yọ ọ́ ò ju asitóònù lọ, èyí tí àwọn tó ń ṣe èékánná ń lò. Àbúrò mi rẹ òwú sínú rẹ̀, ó fi lé gúlù, ó fi ọ̀rá bò ó fún ìṣẹ́jú 15, ó fi igi pẹlẹbẹ ha á. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ó tán. Ẹ jìnnà sí iná, ó ń yára gbiná. Bí èèkù tiyín bá jẹ́ ike, ẹ má dán an wò, ó lè yọ́ ọ. Òróró ẹ̀pà la fi pa gọ́ọ̀mù téèpù sùn, aṣọ nù ún kúrò láàárọ̀. A fi sáńpépà dán igi, a fi àdín pa á.

Àwọn kan ní kí ló dé tí n ò ra ọ̀bẹ tuntun. Ẹ lọ sọ fún Màmá. Ẹnìkan ní pẹtiróòlù ni ká fi fọ̀ ọ́. Ọ̀bẹ oúnjẹ ni o! Àwọn tó sì ní àwọn ti ń ha nǹkan láìdi ojú ọ̀bẹ láti kékeré, èmi náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Páálí, ẹ jọ̀ọ́.

Àná, Màmá fi bẹ iṣu mẹ́fà, wọ́n ní èèkù náà ń dán. Mo ní kí n bá wọn gbé e sí àyè rẹ̀. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀.