Àkàrà epo pupa ní Sókótó

Ìgbà tí mò ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní Sókótó, ẹnì kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ ní kí n máa pe ara mi ní Mùsùlùmí kí ara lè tù mí. Mo ní rárá o, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Ààwẹ̀ Ramadan wá dé, màmá onílé wa ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá àwọn ṣínu. Àyà mi já díẹ̀. Mo bá din àkàrà dání, epo pupa ni mo fi dín in bí màmá mi ṣe ń ṣe é n'Íléṣà (òróró ni àwọn ará Sókótó fi ń din tiwọn, kosai ni wọ́n ń pè é), mo ró àdìrẹ mi, mo wé gèlè, mo kúnlẹ̀ kí màmá. Wọ́n ń kírun, mo jókòó ti ìkòkò kókó, ìyẹn ògì tiwọn, mò ń dúró dè wọ́n, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé tí mi ò dìde. Wọ́n jẹ dàbínù tán báyìí, àkàrà mi ni wọ́n nawọ́ sí, ẹnu àwọn ọmọdé pọ́n fún epo, màmá ní ṣé màá tún din òmíràn lọ́la. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níbẹ̀! Nígbà tí Kérésì dé, àwọn gan-an ló bá mi gé àlùbọ́sà.