Kí Ẹ Tó Kọ Ìwé Ìfiṣẹ́sílẹ̀

Mo kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ní ọdún 2022, mo sì gbé e kiri nínú báàgì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, nítorí ó dá mi lójú pé iṣẹ́ ìṣirò owó tí mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀, níhìn-ín ní Ìbàdàn, ti sú mi. Ọgbọ́n kọ́ ló jẹ́ kí n dá a dúró. Owó ilé ìwé ọmọ ni. Àárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni mo wá mọ̀ pé iṣẹ́ gan-an kọ́ ló sú mi, bí kò ṣe bó ṣe ń gba ilé mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi ló là mí lójú. Olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ kí òbí máa fọwọ́ sí i lálaalẹ́. Lọ́jọ́ kan tí iná lọ níbi iṣẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ náà sì kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, mo dé ilé ní Mónìyà kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ gbé ìwé wá, mo bi í pé ibo ni kí n fọwọ́ sí. Ó ní, “Mọ́mì, ibi tí Ìyá Elépo máa ń fọwọ́ sí náà ni.” Nígbà tí mo ṣí ìwé náà sẹ́yìn, ojú ewé méjìdínlógún ni aládùúgbò wa tó ń ta epo ti fi bírò pupa fọwọ́ sí ní ipò òbí. N kò bínú sí i. Búrẹ́dì ni mo rà fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ aago tí mo ń wọlé iṣẹ́ àti aago tí mo ń jáde sílẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ sí aago méje alẹ́ ni, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, pẹ̀lú wákàtí mẹ́rin ní Sátidé: wákàtí 61 àti ààbọ̀, láì tíì ka èyí tí mò ń lò nínú máíkírà láti Mókólá gba Sángo dé ilé. Bẹ́ẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé ti sọ ní ọdún 2021 pé ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ ju fún ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ.

Àkókò nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ń gbà. Greenhaus àti Beutell, onímọ̀ méjì tó ṣèwádìí nípa iṣẹ́ àti ilé, kọ ọ́ ní ọdún 1985 pé ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ àti ilé fi ń forí gbárí: àkókò, àárẹ̀, àti ìwà tó yẹ níbì kan tí kò yẹ níbì kejì. Ẹ̀kẹta yìí ló bá mi wí jù. Mo ti sọ fún bàbá ọmọ mi rí pé kí wọ́n ṣàlàyé bí owó ọjà ṣe tán, wọ́n dá mi lóhùn pé, “Ó dáa, mà. Ṣé kí n mú rìsíìtì wá?”

Ẹ má rò pé owó ni yóò wò ó sàn. Wọ́n ti fi owó kún owó oṣù mi lọ́dún tó ṣáájú, ó sì pa mí lẹ́nu mọ́ fún nǹkan bí oṣù méjì. Frederick Herzberg, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé láti ọdún 1959 pé ohun tó ń dín ìráhùn òṣìṣẹ́ kù yàtọ̀ sí ohun tó ń mú kí iṣẹ́ dùn mọ́ ọn. Ní tèmi, adùn iṣẹ́ ni kí àkáǹtì tó ti dàrú fún ọ̀sẹ̀ kan gún régé dórí kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, àmọ́ nígbà yẹn, bó bá gún tán, oorun nìkan ló ń wù mí.

N kò lọ sọ fún ọ̀gá pé ó ti rẹ̀ mí. Ta ni kò rẹ̀? Ìwé tí mo kọ aago sí ni mo gbé síwájú wọn, pẹ̀lú ẹ̀rí pé láti aago márùn-ún sí méje, à kàn ń dúró de ìṣirò tí àwọn ẹ̀ka wa ń fi ránṣẹ́ pẹ́ ni. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí èyí tó bá dé lẹ́yìn aago mẹ́ta di ti àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n wo ìwé náà títí, wọ́n ní, “Ẹ dán an wò fún oṣù kan.” Ohun kan ṣoṣo ni mo tọrọ, mo sì gbà pé òun ló jẹ́ kí wọ́n gbọ́, ẹni tó bá kó ẹ̀dùn ọkàn mẹ́wàá lọ bá ọ̀gá yóò kó mẹ́wàá bọ̀.

Ní ti ìsinmi, Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 ní ọjọ́ iṣẹ́ 6 ó kéré tán, pẹ̀lú owó, ṣùgbọ́n kò ka àwọn alábòójútó àti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mọ́ ọn, nítorí náà lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín ni kí ẹ tú yẹ̀ wò. Ọjọ́ 15 ló wà nínú tèmi. Mẹ́rin péré ni mo ti lò láàárín ọdún méjì.

Bó bá jẹ́ pé èébú àti ìrẹ́jẹ ló wà níbi iṣẹ́ yín, kò sí aago ìjáde tó lè tún un ṣe. Ẹ máa wá ibòmíràn. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Sátidé kò yí padà, ìparí oṣù kò sì yí padà. Ní ọjọ́ mẹ́ta tó bá kẹ́yìn oṣù, bírò pupa Ìyá Elépo ṣì ń dé inú ìwé ọmọ mi.